Bíréèkì Vespa tó ń há: ibi tí mo ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ báyìí

Tí bíréèkì Vespa yín bá ń há, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ti ní wàhálà yìí, kálípà (irin tó ń fún dísìkì, ìyẹn irin róbótó tó ń bá táyà yí, kó lè dúró) ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré lọ rà, torí ibẹ̀ ni dísìkì ti ń gbóná, ibẹ̀ ni òórùn ti ń jáde, ibẹ̀ lojú ń rí. Owó á lọ, kálípà tuntun á wọlé, táyà á ṣì máa há. Ohun tí èmi ti wá gbà pátápátá ni pé ibi tí bíréèkì ti ń di táyà mú, kì í sábà ṣe ibẹ̀ lẹ̀ṣẹ̀ wà, ọ́ìlì ló há síbì kan lójú ọ̀nà tí ò rí ibi padà sí, sípánà kan péré sì lè fi ibẹ̀ hàn yín kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Vespa PX 125 ni tèmi, èyí tó ní dísìkì níwájú. PX ti wà láti 1977, bíréèkì dúrọ́mù tí wáyà ń fà ló wà lára wọn nígbà yẹn, ọdún 1998 ni Piaggio, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Vespa, tó fi dísìkì tó ń lo ọ́ìlì síwájú ẹ̀, ti ẹ̀yìn ò kúrò lórí dúrọ́mù àti wáyà. Àwọn Vespa tí àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń gùn nílé láyé àwọn bàbá wa, wáyà ni gbogbo wọn, torí náà àwọn àgbà tí mo kọ́kọ́ bi léèrè, wáyà ni wọ́n ní kí n dẹ̀. Mo ra tèmi lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní South London níbí. Ó rẹwà gan-an, kálípà tuntun wà lára ẹ̀, pádì tuntun, ọwọ́ bíréèkì oníkúróòmù tó ń dán yinrin. Ẹni tó tà á ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi, ó ní bíréèkì iwájú ń há, òun ti pààrọ̀ ohun tóun lè pààrọ̀, ó ti sú òun, ìyẹn ló jẹ́ kówó ẹ̀ wálẹ̀. Ó tiẹ̀ kó kálípà àtijọ́ sínú ọ̀rá fún mi.

Bó ṣe máa ń ṣe rèé. Láàárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde kò sí nǹkan tó ṣe é, tí mo bá gbé iwájú ẹ̀ nílẹ̀ tí mo yí táyà, á yí fẹ́ẹ́rẹ́. Tí mo bá wá wọ gósílóò Old Kent Road, tí mò ń fa bíréèkì tí mò ń fi sílẹ̀, tí mò ń fà á tí mò ń fi í sílẹ̀, ọwọ́ bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í le, mi ò ní tíì fà á débì kankan tó fi máa mú, ẹ́ńjìnnì á máa wúwo, tí mo bá dẹ tọ́rọ́tù, ọwọ́ tí wọ́n ń yí kó lè sáré, sílẹ̀ kò ní yọ̀ lọ mọ́, ṣe lá kàn dúró. Lẹ́yìn náà ni òórùn á dé. Tí mo bá páàkì ẹ̀ kó tutù, ó ti tú nìyẹn.

Bó ṣe ń há tó tún ń tú yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn fọkàn sí. Ìpẹtà ò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán. Tó bá jẹ́ pé písítìnì, irin tó ń ti pádì mọ́ dísìkì, ló ti pẹtà mọ́ inú kálípà, á há láàárọ̀, á há lálẹ́. Èyí tó jẹ́ pé ó dìgbà tó bá gbóná kó tó há, tó bá tutù kó tún tú, ọ́ìlì tó wú nínú ooru tí ò ráyè padà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á kàn máa tú nǹkan kiri ni. Ọ́ìlì ò ṣeé fún kó kéré sí i, tẹ́ ẹ bá ti pa á dé sínú nǹkan tẹ́ ẹ wá tì í lápá kan, gbogbo apá yòókù ló máa gba agbára yẹn, Blaise Pascal ará Faransé ló ti là á sílẹ̀ láti sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ bíréèkì, á ti písítìnì kékeré kan nínú máásítà sílíńdà tó wà lórí háńdù, ọ́ìlì á gba inú họ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀, á ti písítìnì ńlá inú kálípà, ìyẹn á ti pádì mọ́ dísìkì. Ó yé gbogbo èèyàn títí débẹ̀. Bó ṣe ń padà ni kì í yéèyàn. Kò sí sípíríǹgì nínú kálípà tó ń fa písítìnì sẹ́yìn. Síìlì rọ́bà kan ló yí písítìnì ká, tẹ́ ẹ bá fa bíréèkì rọ́bà yẹn á lọ́ díẹ̀ tẹ̀ lé písítìnì, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ á tọ́ padà síbi tó wà, òun náà ló ń fa písítìnì dání padà. Ohun tó fi ń sún sẹ́yìn ò tó mìlímítà kan rárá. Kò wá lágbára tó máa fi bá ọ́ìlì tó há jà.

Lókè, nínú máásítà, ihò méjì ló wà nísàlẹ̀ ilé ọ́ìlì. Ọ̀kan tóbi, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà wọ ẹ̀yìn písítìnì. Ìkejì kéré débi pé abẹ́rẹ́ ìránṣọ lè má wọ̀ ọ́, iwájú síìlì písítìnì gẹ́lẹ́ ló ṣí sí. Tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ bíréèkì, síìlì á kọjá ihò kékeré yìí, á dí i, ìgbà yẹn ni agbára á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gùn. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, sípíríǹgì inú máásítà á ti písítìnì padà kọjá ẹ̀yìn ihò yẹn, ihò á ṣí, ọ́ìlì tó kù nísàlẹ̀ àti èyí tí ooru ti mú wú á gba ibẹ̀ padà sílé. Gbogbo títú tí bíréèkì ń tú, orí ihò tí ojú fẹ́ẹ̀ má rí yìí ló dúró lé. Tí ìdọ̀tí bá dí i, tàbí tí písítìnì ò bá padà sẹ́yìn tó láti ṣí i, ọ́ìlì ò lọ́nà mọ́ nìyẹn, bí ooru bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni pádì á ṣe máa fún dísìkì sí i, fífún yẹn náà á tún máa fa ooru sí i.

Mo ti ka gbogbo èyí o, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ béèyàn ṣe ń fi mọ ibi tó há sí láìtú gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà n'Ìbàdàn, mẹkáníìkì ni wọ́n, Peugeot 504 ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ tó jẹ́ pé ọ́ìlì ni bíréèkì ẹ̀ ń lò níwájú lẹ́yìn. Mo pè wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bíréèkì Vespa mi ni, ó ń há tó bá ti gbóná."

"Àbúrò mi, ṣé olọ́ìlì ni àbí oníwáyà?"

"Olọ́ìlì ni, sà. Wọ́n ti pààrọ̀ kálípà ẹ̀."

"Ta ló ní kí wọ́n pààrọ̀ kálípà? Gbọ́, gùn ún kó há dáadáa. Má dúró kó tutù o, tó bá tutù kò ní í lè sọ nǹkan kan fún ẹ mọ́. Tó bá ti há, tú nípù ìsàlẹ̀ díẹ̀, kó o gbé táyà nílẹ̀ kó o yí i. Tí ò bá yí, ìsàlẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tó bá yí, ìsàlẹ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀, máa gòkè lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń tún gbogbo bíréèkì ṣe báyìí. Tẹ́ ẹ bá tú nípù, ìyẹn bóòtù kékeré tí wọ́n ń gbà yọ afẹ́fẹ́ lára kálípà, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún ọ́ìlì tó há nìyẹn. Tí táyà bá ṣì há pẹ̀lú nípù tó ṣí, kì í ṣe ọ́ìlì ló ń tì í, kálípà fúnra ẹ̀ ló di, tàbí pádì, tàbí dísìkì tó ti tẹ̀. Tí táyà bá tú lójú ẹsẹ̀ tí ọ́ìlì sì tú jáde pẹ̀lú agbára, ẹ fi kálípà sílẹ̀. Ẹ dé nípù, ẹ gùn ún kó tún há, kẹ́ ẹ wá dẹ bóòtù tó so họ́ọ̀sì mọ́ máásítà lókè. Tí táyà bá tú látibẹ̀, máásítà ni. Tí ò bá tú lókè, tó jẹ́ pé nípù ìsàlẹ̀ nìkan ló ń tú u, họ́ọ̀sì tó wà láàárín ló dí. Ẹ fi àkísà dì í yíká kẹ́ ẹ tó dẹ nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì gbé omi sítòsí, torí ọ́ìlì bíréèkì máa ń bó ọ̀dà ni, ara Vespa sì rèé, irin tí wọ́n kùn lọ́dà ni gbogbo ẹ̀. Tó bá ta sí i, ẹ da omi sí i kíá.

Tèmi tú ní nípù. Kí n tó kan bóòtù òkè ni mo rántí wo ọwọ́ bíréèkì, mo fi ìka kan mì ín, kò mì rárá. Ó yẹ kó mì díẹ̀ kó tó kan písítìnì, bíi ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan, àlàfo yẹn ló ń fi yé yín pé písítìnì ti padà délé tán. Ti oníkúróòmù tó ń dán yẹn ò ní àlàfo kankan, ibi tó ti ń ti písítìnì ti gùn jù, kódà téèyàn ò bá fọwọ́ kàn án, ó ti ti písítìnì sínú díẹ̀, síìlì ti jókòó lé ihò kékeré lórí. Mo tú bóòtù tó dè é mọ́ háńdù, mo yọ ọ́ kúrò, písítìnì jáde díẹ̀, táyà iwájú sì tú níṣojú mi láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan nísàlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní "Ẹ̀n-ẹ́n, ṣo ti rí i báyìí?"

Àwọn kan á ní kéèyàn fi fáìlì họ ibi tó gùn yẹn. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọwọ́ bíréèkì iwájú ni nǹkan tó ń gba ẹ̀mí yín là, táyà Vespa kéré, íńṣì mẹ́wàá péré ni rímù ẹ̀, kò fàyè gba eré rárá tó bá dì lójijì. Mo ra irú èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, kò dán tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àlàfo ẹ̀.

Ó dáa sí i gan-an lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n kò tíì tán pátápátá, tí mo bá gùn ún jìnnà lọ́jọ́ tóòrùn mú ó ṣì ń wọ́ díẹ̀. Mo wá ṣí ilé ọ́ìlì. Ọ́ìlì inú ẹ̀ ti dúdú, nǹkan kan tó ń fà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti dì sísàlẹ̀ ẹ̀. Ó wá yé mi pé ẹni tó pààrọ̀ kálípà ò pààrọ̀ ọ́ìlì, tuntun ló kàn ń bù lé ògbólógbòó. Ihò ńlá ṣí, kékeré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Mo fi sírínjì fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde, abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn yẹn náà ni mò ń sọ, láìsí ẹnu ṣóńṣó ẹ̀, mo fi aṣọ mímọ́ nu inú ẹ̀, ọmọ ìjọ wa kan tó ń ta gìtá sì fún mi ní okùn gìtá tó tínrín jù, òun ni mo fi gún ihò náà jẹ́jẹ́. Ẹ má fi nǹkan tó nípọn ṣe é o. Tí ihò yẹn bá fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe lu ú lọ, tàbí tí etí ẹ̀ bá họ, síìlì á máa gé lára ẹ̀ nígbàkugbà tó bá kọjá, ẹ ti fi wàhálà ra wàhálà nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣí rèé: ẹ da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ̀, ẹ fa ọwọ́ bíréèkì díẹ̀ díẹ̀ pẹ́rẹ́, ẹ ó rí i tí ọ́ìlì á ta fín-ín lójú ihò kékeré kí síìlì tó kọjá ẹ̀. Tó bá ta, ọ̀nà là. Ẹ má gbé ojú sórí ẹ̀ láìlo gíláàsì, ó máa ń ta jìnnà. Síìlì písítìnì máásítà náà ti wú, mo ra kíìtì ẹ̀ mo pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò wọ́n rárá tẹ́ ẹ bá fi wé kálípà. Kálípà àtijọ́ tó wà nínú ọ̀rá ńkọ́? Mo tú u wò. Písítìnì ẹ̀ ń yọ̀ wọlé yọ̀ jáde, síìlì ẹ̀ ṣì rọ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó dùn mí fún ọkùnrin yẹn, owó tó ná sórí tuntun tó láti ra kíìtì máásítà, ọ́ìlì, àti ọwọ́ bíréèkì gidi, kó sì tún ṣẹ́kù.

Họ́ọ̀sì náà máa ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lambretta, alùpùpù tó jọ Vespa, àwọn yẹn ti lo dísìkì níwájú tipẹ́, TV 175 ti 1962 ti ní i, ṣùgbọ́n wáyà ló ń fà á nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti wá sọ tiwọn di olọ́ìlì. Tiẹ̀ há, a fi ọgbọ́n ẹ̀gbọ́n yẹn dán an wò, a dẹ bóòtù òkè, kò tú, a dẹ nípù ìsàlẹ̀, ó tú. Ìta họ́ọ̀sì yẹn dáa, kò sán, kò jò. Inú ló ti wú tó sì ti já, àwọ̀ rọ́bà inú ẹ̀ wá ń ṣí fún ọ́ìlì tó ń sọ̀kalẹ̀ torí ọwọ́ èèyàn lágbára, ó ń dí fún èyí tó fẹ́ padà. Họ́ọ̀sì tuntun ló parí ọ̀rọ̀.

Èmi náà padà kan kálípà nígbà tó yá. Ní ìlú yìí, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì tí òtútù bá dé kí yìnyín má bàa dì, iyọ̀ yẹn ò sì dáa fún àlùmíníọ̀mù rárá. Lẹ́yìn òtútù kan mo rí i pé táyà ń wúwo láàárọ̀ kùtù láìtíì gbóná, ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa àárọ̀. Mo tú nípù, kò yí. Ìsàlẹ̀ ni lóòótọ́. Kẹ́ ẹ tó yọ họ́ọ̀sì kúrò lára kálípà, ẹ fi ọwọ́ bíréèkì ti písítìnì jáde díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì lágbára ju pùláyà lọ, kò sì ní họ ara ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà lè tì í, ṣùgbọ́n ó lè yọ bí ọta ìbọn, ọmọ ìka tó bá wà níbẹ̀ á ṣèṣe.

Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ nípa kálípà. Wọ́n á yọ písítìnì, wọ́n á fi sánpépà nù ún kó dán, wọ́n á dá a padà, láàárín ìgbà díẹ̀ ó tún ti há. Kì í ṣe písítìnì ni. Ẹ yọ síìlì rọ́bà yẹn, kẹ́ ẹ wo inú kòtò tó jókòó sí. Ìpẹtà àlùmíníọ̀mù kì í pupa, ìyẹ̀fun funfun ni, ó máa ń kó sí ẹ̀yìn síìlì níbi tí ojú ò tó, á máa ti síìlì mọ́ písítìnì lára, síìlì ò ní ráyè lọ́ kó padà mọ́. Igi ìtayín ni mo fi họ gbogbo ẹ̀ jáde, mi ò fi irin kàn án, ó gba sùúrù, mo tún yí i ká wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì títí mo fi rí ojú irin gan-an. Mo fi síìlì tuntun sí i. Etí pádì náà ti pẹtà, mo fi fáìlì nu ibi tó ti ń yọ̀ kó lè máa rìn geere, ìyẹn ò gba àkókò.

Gíríìsì tẹ́ ẹ máa fi pa síìlì ńkọ́? Gíríìsì pupa tí wọ́n ṣe fún rọ́bà bíréèkì, tàbí ọ́ìlì bíréèkì gan-an. Ẹ má jẹ́ kí gíríìsì bẹ́ríǹgì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì débẹ̀ láé. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí mo ti rí i nílé tí ọ́ìlì bíréèkì tán tí ẹnì kan ní kí wọ́n bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí i kí wọ́n fi délé. Rọ́bà inú bíréèkì ò bá epo rọ̀bì ṣe rárá, á wú ni, gbogbo síìlì látòkè délẹ̀ á há, tó bá ti ṣẹlẹ̀ tán kò sí fífọ̀, gbogbo rọ́bà àti họ́ọ̀sì lẹ máa pààrọ̀.

Ọ́ìlì tí wọ́n ní ká fi sí tèmi ni DOT 4. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tó bá wà ní tuntun, ó kéré tán á dé 230°C kó tó hó, ṣùgbọ́n tó bá ti fa omi mu tán, 155°C tó fún un, omi yẹn kan náà ló sì ń fa ìpẹtà látinú wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lọ́dún méjì méjì, mi ò kì í dúró kó dúdú. Ti DOT 5 yàtọ̀ pátápátá, sílíkóònù ni, ẹ má pò ó mọ́ DOT 4. Tó bá dọ̀rọ̀ yíyọ afẹ́fẹ́, sírínjì ni mo ń lò, mo máa ń ti ọ́ìlì láti nípù ìsàlẹ̀ lọ sókè, torí òkè náà ni afẹ́fẹ́ fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, kì í bá èèyàn jà bí ìgbà téèyàn ń fa ọwọ́ bíréèkì títí ọwọ́ á fi máa ro ó. Ẹ kàn ṣọ́ra kí ilé ọ́ìlì má kún àkúnwọ́sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ kún dénu, ọ́ìlì tó bá wú nínú ooru ò ní ríbi dúró sí, bíréèkì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe á tún há, ẹ ó tún máa bú kálípà.

Tó bá há mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ má fi agbára gùn ún délé. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má da omi sórí dísìkì tó gbóná, ó lè tẹ̀ tàbí kó sán. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ débi tẹ́ ẹ ti lè fọwọ́ súnmọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá fi sípánà dẹ nípù tí ọ́ìlì á fi ta jáde lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dé e padà kíá kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Táyà á tú. Ẹ fa ọwọ́ bíréèkì wò bóyá ó ṣì ń mú dáadáa, tí ò bá mú, ẹ pe ẹni tó máa gbé e. Tó bá mú, ẹ máa lọ jẹ́jẹ́, ẹ lo ti ẹ̀yìn jù, ẹ dẹ tọ́rọ́tù sílẹ̀ ṣíwájú kẹ́ ẹ tó dé ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ dúró, tẹ́ ẹ bá sì délé kẹ́ ẹ má ṣe gbé e jáde mọ́ títí dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ ibi tó há sí.